Ṣé ká wọ igbó lọ bá àwọn ajínigbé, àbí ká jókòó ṣọ́ ilé?

Akọ̀wé Ọdẹ, Ìyàgbà:

Òkun o, gbogbo ilé. Mo kí àgbà, mo kí ọmọdé.

Abúlé wa wà láàárín Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí a ò mọ gbogbo ẹni tó ń ka ibí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ. Iṣu ni mò ń gbìn, mo sì ní kájú díẹ̀ lẹ́yìn odò. Kájú ọ̀hún pọ́n, ó já sílẹ̀, òjò kọ́kọ́ rọ̀ sí i, ó ti ń hù lábẹ́ igi báyìí. Ó ti pé oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni nínú wa ti dé ọ̀hún gbẹ̀yìn.

Ìyàwó aládùúgbò mi ni àwọn ajínigbé gbé lóko. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lọ́wọ́ wọn. Ọkọ rẹ̀ ta ọ̀kadà, ó ta ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́, ó tún yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Obìnrin náà padà wálé, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kì í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sùn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Lálẹ́ Sátidé, wọ́n pe ìpàdé síwájú ilé ọba. Àwọn ọ̀dọ́ ní ó tó gẹ́ẹ́, ká wọ igbó lọ bá wọn ká sì parí ẹ̀. Ariwo pọ̀. Olórí ọdẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo tán, ó wá ní kí n kọ ohun tí a ní àti ohun tí a máa ná sílẹ̀, kí gbogbo ìlú rí i.

Ìwé ọmọ ilé-ìwé elépo búlúù ni mo fi kọ ọ́. Mo fa ilà sí àárín. Lápá òsì: ìbọn ṣakabùlà mẹ́tàlélógún, mẹ́fà nínú wọn kò ṣeé fọkàn tán. Ìbọn tó ń lo kátírììjì, méjì péré. Ọ̀kadà mẹ́sàn-án. Ọkùnrin tó ṣì lè sáré, ogójì, bí a bá ka àwọn ọmọ tó ń retí èsì WAEC mọ́ wọn. Lápá ọ̀tún: ẹ̀tù, epo ọ̀kadà, gàrí àti omi ọjọ́ mẹ́ta, oògùn ọgbẹ́, owó ilé ìwòsàn. Mo dé ibi iye ẹni tó lè má padà, báírò dúró lọ́wọ́ mi. Olórí ọdẹ na ọwọ́ òsì sí mi. Ìka méjì kò sí lọ́wọ́ yẹn, ìbọn ló bẹ́ sí i lọ́wọ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó ní, “Kọ ọ́. Bí o ò bá kọ ọ́, a ó máa ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.”

Mo kọ márùn-ún. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí márùn-ún.

Mi ò wá béèrè bóyá a lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ wa, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, bí a bá lé wọn kúrò nínú igbó lọ́jọ́rú, ta ni yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀? Ìpàdé mìíràn ń bọ̀ ní Sátidé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Ìjùmú, Èkó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ibi bàtà tí obìnrin yẹn ń wọ̀ sùn ni mo kà dé tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́.

Ẹ má bínú sí mi, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni mo wà. Ta ló fi ìjókòó gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà? Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fara da ajẹ́lẹ̀, àwọn tí Ìbàdàn fi ṣọ́ ìlú wọn, títí ó fi sú wọn. Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ogun. Ọ̀gẹ́dẹ̀ǹgbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà, kó àwọn ọmọ ogun jọ. Àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó níbí dá owó, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, ìró rẹ̀ láàárín òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ìbàdàn tó ń lé gbogbo ayé kò lè lé wọn. Ṣé ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kankan tún jókòó sí Ìjerò lẹ́yìn ìgbà yẹn?

Àwa tá a wà l'Ékòó náà lè dá owó. Bí ẹ bá ní ẹ ń lọ, màá fi owó oṣù mi kan sílẹ̀, màá sì pe àwọn ẹgbẹ́ mi.

Akọ̀wé Ọdẹ, Ìyàgbà:

Àbúrò, o ṣeun, Ọlọ́run á bù sí i. Màá sọ fún wọn nílé pé o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni Kírìjì gbà kó tó parí? Mo mọ̀ pé ó pẹ́, mi ò rántí iye rẹ̀.

Ìyá Mọ̀pà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, Òkun o. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí, èmi ń sọ, òun ń tẹ̀.

Sójà ni ọkọ mi. Ó wà nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Liberia pẹ̀lú ECOMOG, ọmọ ogun àjọ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oṣù Kẹjọ ọdún 1990 ni wọ́n wọ Monrovia. Kó tó lọ, ó kó ebu iṣu jọ sínú abà, ó to ó dáadáa, ó fi imọ̀ bò ó. Ó ní oṣù díẹ̀ ni, kí n má tà á, kí n má jẹ́ kí àbúrò òun gbìn ín, òun fúnra òun ni yóò gbìn ín.

Ebu yẹn wà níbẹ̀. Ó hù. Ó ta ọwọ́ gba inú ihò ògiri abà jáde, ó funfun bí òwú torí kò rí oòrùn, lẹ́yìn náà ó gbẹ. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọdún kejì ni àwọn ọkùnrin méjì wọ aṣọ ìjọba wá bá mi.

Mi ò sọ pé wọn ò ṣe ohun rere lọ́hùn-ún. Ìlú yẹn ń jẹ ara rẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n ń pa ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó wà láàyè lónìí, àwọn tó bá ọkọ mi lọ ló dúró sí àárín wọn àti ikú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ní kó má baà fi ìbọn gbàjọba ni wọ́n bá jà láti ìgbà yẹn. Ní oṣù Keje ọdún 1997, wọ́n dìbò, Taylor náà ló wọlé. Ọdún méje. Èmi jókòó síwájú rédíò lọ́jọ́ yẹn, mo ń wo ògiri abà.

Nípa owó tó tọ́ sí i, mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì kankan. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé fáìlì kan náà láti tábìlì dé tábìlì, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìjọba nìyẹn o, tó ní báńkì, tó ní akọ̀wé. Abúlé yín ńkọ́?

Ọmọ mi akọ̀wé, o kọ márùn-ún sínú ìwé. O ṣe é. Nísinsìnyí, kọ orúkọ ìyàwó wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kọ iye ọmọ. Kọ ẹni tí yóò máa san owó ilé-ìwé wọn títí dé ọdún kẹwàá, kí onítọ̀hún sì fọwọ́ sí i níwájú ọba. Bí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ sí i, ẹ ò tíì mọ iye tí ẹ fẹ́ ná.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Kàbà:

Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run á máa bá wa tọ́jú yín.

Àbúrò mi akọ̀wé, kí n kọ́kọ́ dáhùn ti Kírìjì. Ọdún 1878 ni Èkìtì dìde. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Síbẹ̀, 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó ká àgọ́ tí wọ́n padà sílé. Ó lé ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìwé àlàáfíà! Kò sẹ́ni tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹnì kejì tó láti kọ́kọ́ yíjú sílé. Ààrẹ Látòósà tó gbé ogun náà jáde láti Ìbàdàn kú sínú àgọ́ ní 1885, kò rí òpin rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn Èkìtì gba ara wọn. Àbúrò wa l'Ékòó kò parọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi gbà á.

Nípa ọjọ́bọ̀ tí ẹ wí, àwa ará Òkun gan-an, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ló yẹ ká dáhùn, torí a ti jẹ gbèsè ọjọ́bọ̀ rí.

Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn ogun Tápà lẹ́nu ìyá wa àgbà. Bídà, olú ìlú àwọn Tápà, ń kó wa. Ẹrú wà lára ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ìlú, ọmọ ẹni ni wọ́n sì ń pè ní ẹrú yẹn. Orí òkè tí a ń wò lẹ́yìn ìlú wa lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá gùn lóru pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá lẹ́tọ̀ọ́ láti gbógun lọ sí Bídà, àwa ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ló lọ.

Ní oṣù Kíní ọdún 1897, George Goldie ti Royal Niger Company, kọ́ńpìnì oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan, kó nǹkan bí 500 sójà jáde láti Lọ́kọ́ja. Kàbà níbí ni wọ́n kọ́kọ́ forí lé, torí ogun Bídà kan pàgọ́ síbí lábẹ́ Mákùn, ìjòyè wọn. Kí sójà kọ́ńpìnì tó dé, àwọn Tápà ti ṣí lọ. Ọkọ̀ ojú omi kọ́ńpìnì sì ti wà lójú Odò Ọya, tó fi jẹ́ pé ogun tó wà ní ìhà tiwa kò rí ọ̀nà sọdá padà lọ gbèjà ìlú rẹ̀. Ẹ kíyè sí ìyẹn, ẹ̀yin ọdẹ. Kí Goldie tó yìnbọn kan sí Bídà ló ti pín ogun Bídà sí méjì. Ọjọ́ 26 àti 27 oṣù náà ni wọ́n jà. Ogun Tápà pọ̀ ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ẹlẹ́ṣin wọn bo pápá. Ìbọn Maxim àti àgbá ló borí wọn. Bídà ṣubú lọ́jọ́ kejì.

Goldie kéde pé Kàbà bọ́ lọ́wọ́ Bídà. Ó ní nítorí kíkó ẹrú ni òun ṣe jà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé ń sún mọ́ Bọ̀rgú nígbà náà, kọ́ńpìnì sì fẹ́ kí ilẹ̀ tó ti ń pè ní tirẹ̀ lórí máàpù di tirẹ̀ lójú ayé.

Nígbà tí ọjọ́bọ̀ dé, kọ́ńpìnì kó sójà rẹ̀ padà. Wọn ò ní ènìyàn tó lè jókòó ti Bídà. Etsu Abubakar tí wọ́n lé kúrò padà wá sórí ìtẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò rọ́wọ́ mú. Ó di 1901 kí Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó tún kó ogun lọ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ogun ọjọ́ méjì, ọdún mẹ́rin kọjá kó tó rídìí jókòó.

Àwa ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ńpìnì, £865,000 ni wọ́n san fún un. Ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 1900, ní Lọ́kọ́ja, wọ́n gbé àsíá sókè, wọ́n sì kà wá mọ́ Àríwá. Kò sẹ́ni tó bi Ọbarọ, ọba Kàbà, léèrè. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá wa padà sọ́dọ̀ àwọn tí a jọ ń sọ èdè kan. Wọ́n fi wá sí Kwara ní 1967, Kogi ní 1991, ẹ̀bẹ̀ ò tíì tán. Ẹni tó bá wa ja ogun wa ló pín ilẹ̀ fún wa lẹ́yìn ogun. Mi ò ní kó má jà, ẹ gbọ́ mi o. Bí kò bá jà, bóyá ìyá ìyá mi ì bá ti kú sí oko ẹrú, èmi ì bá má sí níbí tí mo ń kọ̀wé. Mo ń sọ pé ohun méjèèjì ló ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ kan náà.

Torí náà, ogójì ọkùnrin tó lè sáré yẹn, ẹ tún wọn kà. Mélòó nínú wọn ló lè gbé inú igbó náà fún oṣù mẹ́ta ní àkókò ebè kíkọ? Iye yẹn ni ọmọ ogun yín.

Ọmọ Òwòrò, Àbújá:

Ọ̀rọ̀ mi kéré, ẹ̀yin àgbà.

Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí fúnra rẹ̀ kò lè dá kéde ogun. Abala 5 ti òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní àfi kí ilé aṣòfin méjèèjì jókòó pọ̀ kí wọ́n fàṣẹ sí i. Bó bá sì fẹ́ kó sójà lọ jà ní ilẹ̀ òkèèrè, àṣẹ Sẹ́nétọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú, yàtọ̀ sí ìgbà tí ewu bá ti kan ilẹ̀kùn. Ẹ rántí orílẹ̀-èdè Niger. Ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023 ni sójà gbàjọba níbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ECOWAS ti fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní bí wọn ò bá dá Ààrẹ Bazoum padà, ogun lè ṣẹlẹ̀. Ààrẹ wa kọ̀wé sí Sẹ́nétọ̀. Sẹ́nétọ̀ ní kó lọ fi ọ̀rọ̀ yanjú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa méje ló bá Niger pààlà, láti Kebbi títí dé Borno, àwọn tó wà níbẹ̀ sì mọ ẹni tí ìbọn yóò kọ́kọ́ bà.

Ogun ò wáyé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan pé, ó kọjá, ohun tí wọ́n fi halẹ̀ kò dé, gbogbo ayé sì rí i. Wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n já iná, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà há sójú ọ̀nà. Nígbà tó di oṣù Kíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso ti bá ECOWAS pínyà pátápátá.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé mo rí ohùn kan lórí WhatsApp, wọ́n ní láti agbègbè yín ló ti wá, ọ̀dọ́ kan ń fi ọjọ́ àti wákàtí halẹ̀ mọ́ àwọn ajínigbé. Ẹ bá mi mú ọmọ yẹn dákẹ́. Bí ẹ ò bá lọ lọ́jọ́ tó dá, wọn yóò rò pé ẹ̀rù ló ba yín. Bí ẹ bá lọ, wọ́n ti ń dúró dè yín.

Ọmọ Ìjùmú, Èkó:

Mo ti gbọ́ yín, ẹ̀yin àgbà. Ìyá Mọ̀pà, mo dọ̀bálẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ṣe. Ẹ ṣí ojú ewé kejì nínú ìwé yẹn, kí ẹ kọ iye tí ìjókòó ń ná yín. Kájú tó ń hù lábẹ́ igi. Ọ̀kadà aládùúgbò yín. Oko tí ẹ ò ní lè dá lọ́dún yìí. Ẹni tí wọ́n máa gbé lóṣù tó ń bọ̀, torí wọn yóò gbé ẹlòmíràn. Bí ẹ bá kọ iye ogun nìkan, ogun yóò máa wọ́n jù nígbà gbogbo, wọn yóò sì máa jẹ wá lọ.

Akọ̀wé Ọdẹ, Ìyàgbà:

Ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Ìpàdé ti wáyé. Mo ṣe ohun tí àbúrò wí, mo kọ ojú ewé kejì, ó sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo kà á sókè. Mo ka ti Ìyá Mọ̀pà náà. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ni yóò fọwọ́ sí i nítorí ọmọ ẹni tó bá kú, ọkùnrin mẹ́ta dìde. A nílò márùn-ún. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mi ò retí. Ìyàwó aládùúgbò mi wà lẹ́yìn, ó fara ti ògiri. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò sẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun, bí kò ṣe “ṣé wọ́n fún ọ lóúnjẹ?” Olórí ọdẹ ló pè é síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kọ ilẹ̀. Ibi tí wọ́n ń sùn. Ibi tí wọ́n ti ń bu omi. Ibi tí ọ̀kadà wọn ń gbà wọlé, tó jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà tí àwa rò rárá. Ó wá fi òkúta kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kà wọ́n: mẹ́rin. Ó ní àwọn tí òun fi sílẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Obìnrin méjì, bàbá arúgbó kan, àti ọmọkùnrin kan tó tó ọdún mẹ́wàá. Inú àgọ́ gan-an ni wọ́n so wọ́n mọ́, lójú ọ̀nà tí ọta yín yóò gbà, ó ní, àwọn ni yóò kọ́kọ́ bà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń pariwo ní Sátidé àkọ́kọ́ kò sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn jáde, mo gbọ́ ọ tó ń bì lẹ́yìn ilé.

A ò wọ igbó. Ọba àti olórí ọdẹ mú àwòrán tí obìnrin náà yà, wọ́n ní kí n dà á sórí ìwé, wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ní àṣẹ àti ohun ìjà, wọ́n sì sọ ti ènìyàn mẹ́rin yẹn fún wọn. Mi ò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. A tún ránṣẹ́ sí abúlé mẹ́ta tó yí igbó náà ká, pé kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí ìbéèrè Olùkọ́: tiwa nìkan, àwọn tó lè dúró nínú igbó fún oṣù mẹ́ta kò ju mẹ́jọ lọ. Méjì ti dáhùn. Ẹ̀kẹta ní àwọn máa ro ó, wọ́n ní ọmọ wọn kan wà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé náà.

Inú mi ò dùn sí i. Inú ẹnikẹ́ni ò dùn. Aládùúgbò mi kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọkùnrin méjìlá ń bá mi lọ sí ẹ̀yìn odò lọ ṣa kájú, ìbọn mẹ́fà, àwọn tó ṣeé fọkàn tán nìkan. Ibi tí obìnrin náà fi hàn wá la ó gbà, kì í ṣe ọ̀nà àtijọ́. Bí a bá dé, màá kọ ọ́ síbí.